Oyè Tí Ọdẹ́rìndé Jẹ ní Ìlú Kò-gbóògùn

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ará Ìdí-Ẹmì, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ mi ọ̀tún. Ẹsẹ̀ yìí kì í ká tí mo bá ń sọ òtítọ́, ó sì ti nà gbọọrọ báyìí. Ẹran ìgalà tó wà lórí iná yẹn kò tíì rọ̀, nítorí náà àyè ìtàn wà. Ìtàn náà kì í ṣe tèmi. Tèmi ni ì bá dára jù, nítorí èmi Ògúnbọ̀wálé ti wọ igbó tí ọ̀bọ ti ń fi orúkọ bàbá ẹni kí ènìyàn, mo sì ti bá iwin jìjàkadì títí ó fi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun lọ jẹun kí òun padà wá. Ṣùgbọ́n ti Ọdẹ́rìndé ọ̀rẹ́ mi ni ẹ ní ẹ fẹ́ gbọ́. Òun ló pa ẹran yìí, òun ló fi ránṣẹ́, ó sì jókòó sílé nítorí ojú ń tì í láti wá sọ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò sí níjòókòó kò lè bá mi jiyàn.

Ẹ̀yin àlejò inú wa, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́. Bí Ọdẹ́rìndé bá pa ẹran, kí ẹran náà tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ti pín tán. Itan a lọ sọ́dọ̀ Olúọdẹ, ọrùn a lọ sọ́dọ̀ àwọn àna, àyà a lọ sí agboolé ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró aya rẹ̀ a sì fi awọ se ọbẹ̀. Àṣà wa ni pé ọdẹ kì í dá ẹran ìgbẹ́ jẹ, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kọjá àṣà. Nígbà kan tí pàkúté gé e lẹ́sẹ̀, nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn oníhóró, èyí tó ní orí pupa àti ìdí yẹ́lò, ó sì kìlọ̀ fún un pé kó lò ó tán pátápátá. Méjì péré ló gbé mì. Bí ẹsẹ̀ ṣe rọlẹ̀ díẹ̀, ó pe gbogbo ilé jọ, ó pín ìyókù bí ẹni pín ìgalà. Olúọdẹ gba itan, ìyẹn hóró méjì. Àwọn àna gba ọrùn. Adìẹ kan tó ń húkọ́ gba ìyẹ̀fun inú ọ̀kan. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, èmi náà gba ẹ̀dọ̀, mo sì fi ẹ̀kọ gbígbóná gbé e mì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan kan kò ṣe mí. Láti ìgbà náà, oògùn kankan kò wọ ìlú yìí mọ́ kí á má pín in.

Ọ̀rọ̀ wá dé bá Àwẹ̀ró. Inú run ún, wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, iṣẹ́ náà sì dára. Ṣùgbọ́n kò lè mí dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, ni wọ́n bá gbé e lọ sí yàrá àwọn tí àìsàn wọ́n le jù, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá ènìyàn mí. Ibẹ̀ ni kòkòrò àìfojúrí ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Dókítà Ìbídàpọ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó lo oògùn kan, kòkòrò kò kú. Ó pa oògùn dà, kòkòrò kò kú. Ó tún pa á dà, ńṣe ni ibà ń ga sí i. Ó pe Ọdẹ́rìndé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún un pé àwọn kòkòrò inú yàrá yẹn ti kọ́ ọgbọ́n gbogbo oògùn tí a ń lò, pé òun ń dúró de ilé àyẹ̀wò kí wọ́n wá sọ èyí tí àwọn kòkòrò náà kò tíì kọ́, àti pé bí a kò bá tètè rí i, a lè pàdánù Àwẹ̀ró. Ọdẹ́rìndé tí ẹfọ̀n kàn nígbà kan tí kò mira, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ó sì sunkún níṣojú gbogbo èrò. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Nígbà tó dìde láti wọlé lọ wò ó, nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà ní kó fọwọ́ kó tó wọlé. Ojoojúmọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ojoojúmọ́ ni bàbá náà sì ń fi orí ìka kan omi lásán, tí á gbọ̀n ọ́n nù. Ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi mọ ìdí rẹ̀. Àjẹsára wà lára wa, àwúre wà lọ́wọ́ wa, a sì gbà pé ọṣẹ a máa ṣí oògùn kúrò lára. Lọ́jọ́ náà, dípò kó fọ ọwọ́, ó tẹ́ ẹ síwájú ara rẹ̀, ó ń wò ó. Ó rò ó pé bí ẹran bá wọ igbó, igbó náà ni ọdẹ ń tọ̀ ọ́ lọ. Bí kòkòrò bá kéré ju ohun tí ojú lè rí, ọdẹ pàápàá á kéré bákan náà, á bá wọn nílé, á sì mọ oògùn tí ń bà wọ́n lẹ́rù. Ó fọwọ́ kan ìfúnpá bàbá rẹ̀, ó pe ọ̀rọ̀ tó yẹ sí i, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì. Ó kéré ju èèrà lọ, ó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ó kéré títí tí òun gan-an kò fi rí ara rẹ̀ mọ́. Nígbà tó fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀ ló dúró sí. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí bí ènìyàn ṣe lè máa rìn lórí ọwọ́ ara rẹ̀, kó dìde kó máa lọ sílé báyìí, kí àwa tó kù ráyè gbọ́ ìtàn.

Igbó ńlá ló bá níbẹ̀. Irun ọwọ́ rẹ̀ ga ju ọ̀pẹ lọ, òógùn sì ń sun nídìí igi kọ̀ọ̀kan. Iwin kan tó dúdú kirikiri jáde sí i, orúkọ rẹ̀ ni Ẹ̀tù-Ìbọn-Àná, ó ní òun kò bínú sí ẹnikẹ́ni, òun kàn ń gbé ibẹ̀ ni. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó bá iwin mìíràn tí ara rẹ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, tó jókòó sínú kòtò àárín ìka, tó ń ṣàròyé. Iwin ọbẹ̀ ilá nìyẹn. Ó ní òun ti ń retí omi láti ọjọ́ pípẹ́, pé bí Ọdẹ́rìndé bá rí omi lọ́nà, kó bá òun kí i. Ojú ti ọkùnrin náà díẹ̀, nítorí ó rántí ọbẹ̀ ilá yẹn dáadáa. Ká ní èmi ni, ǹ bá ti bá iwin ilá náà jà, ṣùgbọ́n kálukú ló ní bó ṣe ń rin ìrìn àjò tirẹ̀.

Abẹ́ èékánná àtàǹpàkò ni ẹnubodè ìlú náà wà. Oníbodè tó wà níbẹ̀ ní ikùn ńlá, orúkọ rẹ̀ ni Ìdọ̀tí-kì-í-pọdẹ, ó sì ní òun kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò bá tú àlọ́ òun.

"Kí ló jẹ́ pé bí ẹ bá fi gbogbo rẹ̀ lù mí, mo kú, bí ẹ bá fi díẹ̀ lù mí, mo di akọni?"

Ọdẹ́rìndé ronú, ó ní ẹmu ni. Ó ṣàlàyé pé bí ènìyàn bá mu akèǹgbè ẹmu kan tán á ṣubú, ṣùgbọ́n bó bá mu díẹ̀ á láyà láti bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀. Oníbodè rẹ́rìn-ín títí ó fi yí gbirigbiri kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀kùn sì ṣí fúnra rẹ̀. Ó ní kó máa wọlé lọ, pé wọn yóò tú àlọ́ náà fún un láàfin.

Ìlú Kò-gbóògùn ni orúkọ ibẹ̀, èrò inú rẹ̀ sì pọ̀ ju èrò ọjà ọdún lọ. Àwọn kan rí roboto, àwọn kan rí bí ọ̀pá, àwọn kan ní irù tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́. Àwọn ará oko tó ti Ìdí-Ẹmì wá àti àwọn ará yàrá aláìsàn ló pàdé níbẹ̀, nítorí ọwọ́ yìí kan náà ló ń di Àwẹ̀ró lọ́wọ́ mú lójoojúmọ́ tó sì tún ń padà sílé. Ó rí olùkọ́ kan tí oògùn ti jó lójú, tó ń kọ́ àwọn kékeré pé ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ó rí àlejò kan tó wọlé ní ìhòòhò láti ìlú mìíràn, ẹ̀yà mìíràn ni, kò bá wọn tan rárá. Onílé kan na okùn tín-ín-rín kan sí i lára, ó sì fi okùn náà tú àwòrán ìhámọ́ra tirẹ̀ sí àlejò nínú. Kíá, àlejò ti wọ ìhámọ́ra tó jọ ti onílé, kò san ohunkóhun, kò tilẹ̀ dúpẹ́. Inú Ọdẹ́rìndé dùn sí èyí. Ó rò ó lọ́kàn rẹ̀ pé àwọn wọ̀nyí mọ̀ ọ́n pín bí àwa náà ṣe mọ̀ ọ́n pín.

Bó ṣe dé ààfin, ó mú àdó ìjà lọ́wọ́ kan, ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ kejì. Ọba ìlú náà, Agbóògùn-rẹ́rìn-ín, gbójú sókè wò ó, ó wò ó dáadáa, ó fò sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Gbogbo ìjòyè dọ̀bálẹ̀. Ọba ní kí wọ́n mú adé oyè wá, pé Baba ti dé, ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ kọrin tí wọn kò tíì fojú rí. Ìdajì hóró oògùn ni adé náà, apá tó pupa, wọ́n sì gbé e lé e lórí. Wọ́n fi í jẹ Ọlọ́wọ́-Ṣíṣí ti Kò-gbóògùn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni ẹ rò pé ọ̀rẹ́ mi ṣe? Ó gbàgbé ohun tó bá wá. Ó fi àdó pamọ́, ó tún adé rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Ó ní láti kékeré ni òun ti mọ̀ pé òun yóò joyè, pé Ògúnbọ̀wálé nìkan ni kò gbà. Bó ṣe dárúkọ mi nìyẹn, ní irú ìlú bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọba dìde láti sọ ohun tí wọ́n fi oyè náà ṣe.

"Baba, ẹ gbé hóró méjì mì nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn yín, ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀. Àwọn aláìlágbára inú wa kú, àwọn baba ńlá wa kò kú. Wọ́n dìde, wọ́n wo oògùn náà lójú, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ fún Olúọdẹ ní díẹ̀, àwọn èèyàn wa tó wà lára rẹ̀ kọ́ ọ. Ẹ fún adìẹ, àwọn tó wà lára adìẹ kọ́ ọ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ̀yin tí ẹ fi díẹ̀díẹ̀ lù wá lẹ sọ wá di akọni."

Ó ní àwọn tó wà ní yàrá aláìsàn tún ti rí oríṣiríṣi oògùn tí ojú ará oko kò rí rí, wọ́n sì ti bá ara wọn pín ọgbọ́n, nítorí àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń ṣekú pa ejò. Ó wá fi ayọ̀ parí rẹ̀ pé àwọn akọni tó dára jù nínú àwọn ọmọ wọn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí, nínú àyà obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àwẹ̀ró.

Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́. Ìgbà yẹn ni àlọ́ oníbodè tú lójú Ọdẹ́rìndé. Adé orí rẹ̀ wúwo. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ó rí i pé òun ni ikú ilé. Ṣùgbọ́n ọdẹ lọ́dẹ ń jẹ́. Ó fi ẹ̀rín bo ojú rẹ̀, ó sì béèrè, bí olóyè tó fẹ́ mọ ìlú rẹ̀, bóyá kò tún wá sí oògùn kankan tó ń bà wọ́n lẹ́rù mọ́.

Inú ọba dùn sí ìbéèrè náà, nítorí kò sí ohun tó fẹ́ràn tó kó máa yangàn. Ó mú un lọ sí yàrá ìhámọ́ra. Èkàn ló kún ara ògiri, ìhámọ́ra oògùn kọ̀ọ̀kan sì rọ̀ sórí èkàn tirẹ̀. Ìhámọ́ra oògùn tí dókítà kọ́kọ́ lò wà níbẹ̀, tìkejì wà níbẹ̀, tìkẹta ń dán gbinrin. Ṣùgbọ́n ní ìkángun, èkàn kan ṣófo. Ọba rẹ́rìn-ín, ó ní arúgbó kan ló ni ìyẹn, abẹ́rẹ́ àtijọ́ kan tí àwọn dókítà ti pa tì torí pé ó máa ń da kíndìnrín láàmú. Ìhámọ́ra rẹ̀ wúwo láti gbé, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti rí arúgbó náà, ni wọ́n bá jù ú nù. Ó ní a kì í ru agbòjò kiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọdẹ́rìndé fẹ́ máa lọ, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá joyè á bọ́ ìlú. Ọba di apá rẹ̀ mú, ó ní kó búra kó tó lọ pé oògùn yòówù tí wọ́n bá tún fún un, yóò pín in bó ti máa ń pín in. Àwọn ìjòyè ti yí i ká. Ó ń la ẹnu wò bóyá irọ́ á lè jáde, nígbà tí ojú ọ̀run ṣókùnkùn, òjò ńlá sì dé. Omi lásán kọ́, omi ọṣẹ ni. Ìfófòó bo ẹnubodè, ó gbé oníbodè lọ tòun ti ikùn rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ wó, ààfin ya, iwin ilá kọjá lọ lórí omi, ó ń kọrin ọpẹ́. Ọba Agbóògùn-rẹ́rìn-ín kò rí èkàn kankan tí ìhámọ́ra ọṣẹ rọ̀ sí. Adé yọ́ lórí Ọdẹ́rìndé, omi gbé e, ó ta á sókè.

Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi ló ti bá ara rẹ̀ lórí ìdúró, nọ́ọ̀sì sì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń fọ̀ ọ́ fún un bí ẹni ń fọ ọwọ́ ọmọ. Ó ní kí bàbá má bínú, wọ́n ti pẹ́ jù nídìí wíwo àtẹ́lẹwọ́, àwọn tó wà lẹ́yìn wọn náà fẹ́ wọlé. Ọdẹ́rìndé kò bínú. Ó ní kó tún bu ọṣẹ sí i. Ó fọ àárín ìka, ó fọ abẹ́ èékánná, ó fọ̀ ọ́ títí nọ́ọ̀sì fi bẹ̀ ẹ́ pé ó tó.

Ó sáré bá Dókítà Ìbídàpọ̀, ó sọ ti abẹ́rẹ́ àtijọ́ tó ń da kíndìnrín láàmú. Dókítà ní ó yà òun lẹ́nu, nítorí ilé àyẹ̀wò ṣẹ̀ṣẹ̀ pe òun pé abẹ́rẹ́ náà nìkan ló kù tí àwọn kòkòrò yìí kò mọ̀, òun sì ti ránṣẹ́ lọ mú un. Ó béèrè ẹni tó sọ fún un. Ọdẹ́rìndé ní ọba wọn ni. Dókítà wò ó, ó sì ní kí wọ́n fún bàbá ní àga àti omi tútù. Ẹ rántí pé ọ̀rẹ́ mi la igbó kọjá, ó joyè, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sínú ọṣẹ, kó tó mọ ohun tí àwọn ará ilé àyẹ̀wò mọ̀ lórí ìjókòó.

Wọ́n fún Àwẹ̀ró ní abẹ́rẹ́ náà, wọ́n sì ń ṣọ́ kíndìnrín rẹ̀ lójú méjèèjì. Ibà rọlẹ̀, wọ́n yọ ẹ̀rọ, ó la ojú. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tó jẹ ẹran gbígbẹ tí òun fi pamọ́ sórí àjà. Nígbà tó yá, wọ́n ní kó máa lọ sílé, wọ́n sì fún un ní oògùn oníhóró, irú abẹ́rẹ́ náà, tí yóò fi parí ìtọ́jú náà. Dókítà fa Ọdẹ́rìndé sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Bàbá, bí ó bá ṣẹ́kù tí kò lò, àwọn kòkòrò tó bá yè níbẹ̀ á tún kọ́ ọ. Lẹ́yìn èyí, mi ò ní òmíràn mọ́."

Gbogbo wa la wá kí wọn káàbọ̀. A kí wọn tán, a kò dìde. Ẹnì kan wo àjà, ẹnì kan wúkọ́, Olúọdẹ ní orúnkún òun ti ń dun òun látàárọ̀, ó sì na ọwọ́ fún itan tirẹ̀. Èmi náà na ọwọ́ díẹ̀. Ọdẹ́rìndé jókòó lé oògùn náà lórí, ó ní, "Ẹran ni mo ń pín. Èyí kì í ṣe ẹran." Ọdẹ tí a kò mọ̀ ní ahun rí, ó di ahun níṣojú wa. Àwẹ̀ró pàápàá bẹ̀ ẹ́ pé kó fún Àjọkẹ́ àbúrò òun ní ẹyọ kan, nítorí àyà ń dun ún lóòótọ́. Kò fún un. Ó gbé Àjọkẹ́ sẹ́yìn ọ̀kadà, ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn abúlé kí wọ́n wò ó. Àwọn obìnrin fi í kọrin lójú odò, orin náà dùn, èmi ni mo dá a fún wọn.

Ìgbàkígbà tí Àwẹ̀ró bá fẹ́ lo oògùn, ọkọ rẹ̀ á dúró tì í, á ní kó yọ ahọ́n kí òun wo abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ku hóró kan ṣoṣo. Ara obìnrin náà ti dá ṣáṣá, ó ń gúnyán, ó ń bá mi jà. Ó di hóró ìkẹyìn náà mọ́ etí gèlè, ó ní òun fẹ́ fi í pamọ́ de ọjọ́ àìsàn mìíràn, bí a ti máa ń ṣe. Mo wà níbẹ̀, ojú mi báyìí ló ṣe. Ọdẹ́rìndé kúnlẹ̀. Ọkùnrin tí kì í kúnlẹ̀ fún iwin, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó.

"Ìyá Morẹ́nikẹ́," ó ní, "mo ti pín tèmi nígbà kan, ó ku díẹ̀ kí àwọn kòkòrò fi ọ́ san án fún mi. Jọ̀wọ́, gbé e mì."

Ó tú etí gèlè, ó gbé e mì. N kò tún dá orin náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Oyè tó jẹ láàárín àwọn tó fẹ́ pa ìyàwó rẹ̀ ni Ọlọ́wọ́-Ṣíṣí, èyí tí àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ fi dá a lọ́lá ni Ahun. Èyí tó wù ú nínú méjèèjì, kò tíì sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹran ti rọ̀, mo gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì ti fẹ́ ká. Ẹ wo ẹ̀yìn yín. Obìnrin tó gbé omi àti ọṣẹ bọ̀ yẹn, tó ń bú mi láti òkèèrè pé mo ti sọ ọ̀rọ̀ ilé òun tán, òun ni Àwẹ̀ró. Ẹ ká apá aṣọ yín sókè, kò ní fún ẹnikẹ́ni lẹ́ran títí tí yóò fi wo abẹ́ èékánná rẹ̀.